Ẹ Jẹ́ Kí A Fi Ojú Méjèèjì Wo Sinimá Àtijọ́

  Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí ẹ ti parí iṣẹ́ tí tíṣà ní kí ẹ ṣe wá láti ilé, ẹ sún mọ́ ìtòsí. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lálẹ́ òní kàn yín púpọ̀.

Ọ̀rọ̀ sinimá ni. Ta ni kò fẹ́ràn sinimá nínú wa? Láyé àtijọ́, ẹni tí ó bá fẹ́ wò ó ní láti sanwó wọ ilé sinimá, tàbí kí ó dúró de ọkọ̀ ìjọba tí ń gbé àwòrán kiri, tí wọn a ta aṣọ funfun sí ìta gbangba, tí tọmọdé tàgbà a sì jókòó sílẹ̀ tí wọn a máa wòran. Lónìí, sinimá ti bá wa wọlé. Ó wà nínú tẹlifíṣọ̀n, ó sì wà nínú fóònù tí ọmọdé ń fi ìka kan tẹ̀. Fíìmù tí wọ́n ṣe kí a tó bí bàbá ọmọ náà lè jáde sí i lójú lọ́sàn-án òní bí ẹni pé àná ni wọ́n ṣe é. Kò sí àgbàlagbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí yóò sọ fún un pé, "Ọmọ mi, ní ọdún tí wọ́n ṣe eléyìí, báyìí ni ayé ti rí."

Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi fẹ́ kí a jọ yẹ ọ̀rọ̀ kan wò. Àwọn sinimá àtijọ́ kan wà tí ó dùn púpọ̀. Orin wọn dára, àwọn òṣèré wọn mọṣẹ́, ayé sì ti fẹ́ràn wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n wọ́n fi ènìyàn dúdú ṣe ẹlẹ́yà. Wọ́n ṣe é bí òmùgọ̀, tàbí bí ẹranko, tàbí bí ọmọdé tí kò lè dá dúró láéláé. Kí ni kí a ṣe sí irú sinimá bẹ́ẹ̀? Ṣé kí a kó wọn jóná ni? Àbí kí a máa wò wọ́n kí a máa rẹ́rìn-ín, kí a ṣe bí ẹni pé a kò rí ohun tí a rí?

Fíìmù kan wà tí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Òun ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Sanders of the River ni orúkọ rẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe é jáde ní 1935. Alexander Korda ni olóòtú rẹ̀, àbúrò rẹ̀ Zoltan Korda ni ó sì darí eré náà. Inú àwọn ìtàn tí Edgar Wallace, òǹkọ̀wé ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ni wọ́n ti mú un. Ilẹ̀ wa yìí, Nàìjíríà, ni wọ́n sì sọ pé ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín ní ṣókí. Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó kan wà tí ń jẹ́ Sanders. Ó ń gbé ní etí odò ńlá kan, ó ní ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n gbé ìbọn sí, ó sì ń ṣe àkóso ọ̀pọ̀ ẹ̀yà. Ọkùnrin dúdú kan wà tí ń jẹ́ Bosambo, ẹlẹ́wọ̀n tí ó sá kúrò ní Làìbéríà tí ó wá sọ ara rẹ̀ di olóyè. Sanders mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi í sílẹ̀, nítorí Bosambo mọ bí a ti ń tẹríba fún òyìnbó. Ọba burúkú kan sì wà tí wọ́n pè ní Mofolaba, tí ń kó ènìyàn lẹ́rú.

Nígbà tí ó yá, Sanders gba ìsinmi, ó fẹ́ lọ gbéyàwó. Bí ó ti kúrò báyìí, àwọn oníjìbìtì kan tan ìròyìn kálẹ̀ pé Sanders ti kú, pé kò sí òfin mọ́. Lẹ́sẹ̀kan náà ni gbogbo ilẹ̀ dàrú. Àwọn ènìyàn gbé ọ̀kọ̀, ìlù ń dún lọ́tùn-ún lósì, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn. Ni Sanders bá padà dé pẹ̀lú ọkọ̀ oníbọn rẹ̀, ó gba Bosambo àti ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ikú, ó sì fi Bosambo jẹ ọba dípò ọba burúkú nì. Ilẹ̀ tún tòrò. Eré parí.

Ẹ̀yin ará mi, ẹ ti gbọ́ òwe tí ó wà nídìí ìtàn yìí kí n tó pa á. Bí ológbò kò bá sí nílé, ilé di ilé èkúté. Sanders ni ológbò. Èmi àti ẹ̀yin, àti àwọn bàbá wa, ni èkúté.

Ẹ má sì rò pé fíìmù náà kò dára lójú. Bí ó bá jẹ́ pé kò dára ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì bá tí le. Paul Robeson ni ó ṣe Bosambo, ohùn rẹ̀ sì jinlẹ̀ bí ibú. Bí ó bá dá orin awakọ̀ sílẹ̀ nínú fíìmù náà, tí àwọn atukọ̀ ń gbè é, orí ènìyàn á wú. Zoltan Korda lo oṣù púpọ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà, ó ya àwòrán ijó tòótọ́, odò tòótọ́, ọkọ̀ tòótọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n kọ́ abúlé ayédèrú sí Shepperton lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn dúdú tí ń ṣiṣẹ́ ọkọ̀ ní àwọn èbúté ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, pé kí wọ́n wá ṣe ará abúlé náà. Ijó ẹ̀yà kan ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ilé ẹ̀yà mìíràn. Báyìí ni wọ́n ti fi òtítọ́ díẹ̀ bo irọ́ púpọ̀ mọ́lẹ̀, bí ìgbà tí a fi oyin bo ewúro. Ẹnu á gbà á, ikùn ni yóò mọ̀.

Ó yẹ kí a mọ ẹni tí Robeson í ṣe. A bí i ní 1898 ní ìlú Princeton ní Amẹ́ríkà. Ẹrú ni wọ́n bí bàbá rẹ̀, ó sá kúrò lóko ẹrú, ó sì di àlùfáà ìjọ Kristi. Robeson fúnra rẹ̀ kàwé títí ó fi gba oyè ìmọ̀ òfin ní yunifásítì Columbia. Nígbà tí ó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga láti kọ́ èdè Áfíríkà, nítorí ó fẹ́ mọ orísun àwọn baba rẹ̀. Ó gbà láti ṣe eré yìí nítorí ó rò pé yóò fi ẹwà àṣà Áfíríkà han ayé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó rí i bí wọ́n ti parí rẹ̀, tí ó di ìyìn fún ìjọba amúnisìn, ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé ọkàn. Ó ní wọ́n ti yí i padà mọ́ òun lọ́wọ́. Ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé e, gbangba ni ó ti bu ẹnu àtẹ́ lu fíìmù tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ìràwọ̀ rẹ̀.

Òun nìkan kọ́ ni ènìyàn ńlá tí ó wà níbẹ̀. Láàárín àwọn tí wọ́n kó wá dúró lẹ́yìn bí ará abúlé, Jomo Kenyatta wà níbẹ̀, ẹni tí ó di olórí ìjọba Kenya ní 1963. Ẹ wo bí ayé ti rí! Fíìmù ń sọ pé ènìyàn dúdú kò lè ṣe àkóso ara rẹ̀ láìsí òyìnbó, ẹni tí yóò ṣe àkóso odindi orílẹ̀-èdè sì dúró níbẹ̀, wọ́n ń ya àwòrán rẹ̀, kò sẹ́ni tí ó béèrè orúkọ rẹ̀.

Ọmọ ilẹ̀ wa náà wà nínú rẹ̀. Orlando Martins ni orúkọ rẹ̀, Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1899. Ó ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun nígbà ogun àgbáyé kìn-ín-ní, lẹ́yìn ogun ó dúró sí Lọ́ńdọ̀nù. Ó ja gídígbò fún owó, ó bá àwọn onísẹ́kọ́ọ̀sì ṣiṣẹ́, ó dúró lẹ́yìn nínú eré orí ìtàgé, kí ó tó di òṣèré sinimá. Ẹ rò ó wò. Ọmọ Èkó ni, ìlú tí ó ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àti ìwé ìròyìn kí wọ́n tó bí i. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n ní fún un ni kí ó ṣe ará igbó. Ní 1949, ó wà nínú fíìmù mìíràn, The Hasty Heart, níbi tí ó ti ṣe sójà Áfíríkà tí kò gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì rárá. Nígbà náà, ó ti ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún! Síbẹ̀, nínú ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tí wọ́n fún un, ó ṣe é débi pé a kò lè gbàgbé ojú rẹ̀. Bí ènìyàn pàtàkì ti ń dúró ni ó ń dúró, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò kọ ipa ènìyàn pàtàkì fún un.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a yẹ ẹjọ́ tí fíìmù Sanders dá wa wò. Àwọn bàbá wa ní, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà ni. Fíìmù náà gbọ́ ẹjọ́ Sanders, kò gbọ́ tiwa. Ẹ jẹ́ kí a rò tiwa.

Ó ní kò sí òfin nílẹ̀ yìí àfi èyí tí òyìnbó mú wá. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, Aláàfin jẹ́ ọba ńlá, ṣùgbọ́n Ọ̀yọ́ Mèsì wà níbẹ̀, Baṣọ̀run ni olórí wọn. Bí ọba bá ṣe àṣejù, wọ́n lágbára láti kọ̀ ọ́ lọ́ba. Ìjọba tí ó ní ọba, tí ó sì ní ẹni tí ń mú ọba, ṣé ilé èkúté nìyẹn? Ní Abẹ́òkúta, ní 1859, ìwé ìròyìn ti ń jáde ní èdè Yorùbá, ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin kí wọ́n tó ṣe fíìmù náà. Láti 1898 títí di 1914, àwọn Ẹ̀gbá ní ìjọba tiwọn, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì alára gbà pé ó dá dúró.

Ó ní ogun ni iṣẹ́ wa. Níhìn-ín, kí a sọ òtítọ́. Àwọn bàbá wa jagun, wọ́n jà púpọ̀. Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, kò parí pátápátá títí di 1893, ọ̀pọ̀ ìlú sì fọ́ ní ọ̀rúndún náà. N kò ní bò ó mọ́lẹ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n àwọn ogun wọ̀nyẹn ní ìdí, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ìṣèlú nínú, ọ̀rọ̀ ọ̀nà ọjà àti ọ̀rọ̀ òmìnira, gẹ́gẹ́ bí ogun àwọn òyìnbó fúnra wọn ti ní. Ta ni ó sọ pé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì àti ọmọ Jámánì ń jagun nítorí pé ajẹ́lẹ̀ wọn lọ gbéyàwó?

Ó tún fi hàn pé ìbọn ajẹ́lẹ̀ kò ṣe iṣẹ́ kankan ju pé kí ó mú àlàáfíà wá. Ní 1918, ọdún mẹ́tàdínlógún péré ṣáájú fíìmù náà, àwọn Ẹ̀gbá dìde nítorí owó orí àti iṣẹ́ àṣekára tí a fi ipá mú ènìyàn ṣe. Ogun Adúbí ni a pè é, ìbọn ìjọba ni ó sì pa á. Ní 1929, nígbà tí àwọn obìnrin ìhà ìlà-oòrùn dìde ní Abá àti agbègbè rẹ̀ nítorí owó orí, wọ́n yìnbọn lù wọ́n, obìnrin tí ó kú ju àádọ́ta lọ. Ẹ kò ní rí ìyẹn nínú Sanders of the River.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ tí ó dà bí ẹni pé ilẹ̀ fúnra rẹ̀ fẹ́ jẹ́rìí. Ní 1938, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn fíìmù náà, àwọn ènìyàn ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmoníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, nítòsí ààfin Ọọ̀ni. Ni wọ́n bá kan àwọn orí idẹ tí àwọn bàbá wa ti rọ láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún sẹ́yìn, tí ojú wọn tutù, tí ó rẹwà, tí ìlà ojú wọn tọ́ geere. Gbogbo ayé ni wọ́n yà lẹ́nu. Ṣáájú ìgbà náà, ọkùnrin Jámánì kan, Leo Frobenius, ti rí iṣẹ́ ọnà Ifẹ̀ ní 1910, ó sì ní yóò jẹ́ ọwọ́ àwọn Gíríìkì àtijọ́ ni ó ṣe é. Ẹni tí ó ti gbà lọ́kàn pé o kò lè ṣe nǹkan, bí o bá ṣe é sí i lójú, yóò ní ẹlòmíràn ni ó bá ọ ṣe é. Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Ẹnìkan lè sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, eré lásán ni, ẹ jẹ́ kí a gbádùn ara wa." Ó dára. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí eré lásán ṣe ní Amẹ́ríkà. Ní 1915, D. W. Griffith ṣe fíìmù kan tí ń jẹ́ The Birth of a Nation. Ọ̀nà tí ó gbà ya àwòrán náà ga ju ti gbogbo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, títí di òní ni wọ́n sì ń kà á nínú ìtàn sinimá. Wọ́n tilẹ̀ fi hàn nínú ilé Ààrẹ Woodrow Wilson. Ṣùgbọ́n nínú rẹ̀, òyìnbó tí ó fi nǹkan dúdú kun ojú ni ó ṣe púpọ̀ nínú ipa ènìyàn dúdú, wọ́n sì ṣe wọ́n bí ẹranko búburú. Àwọn akọni rẹ̀ ni Ku Klux Klan, ẹgbẹ́ tí ń da aṣọ funfun borí tí ń pa ènìyàn dúdú lóru. Ẹgbẹ́ náà ti kú láti ìgbà pípẹ́. Ní ọdún 1915 yẹn gan-an ni wọ́n tún un dá sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Georgia, fíìmù náà ni wọ́n sì fi ń wá ọmọ ẹgbẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣé eré lásán nìyẹn?

Àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà kò dákẹ́. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Wọ́n lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé sinimá, wọ́n kọ̀wé, wọ́n pẹjọ́. Ọkùnrin dúdú kan tí ń jẹ́ Oscar Micheaux sì ṣe ju ìyẹn lọ. Ní 1920, ó ṣe fíìmù tirẹ̀, Within Our Gates, ó fi hàn bí wọ́n ti ń pa ènìyàn dúdú láìṣẹ̀. Fíìmù náà sọnù fún ọ̀pọ̀ ọdún, àfi ìgbà tí wọ́n rí ẹyọ kan ṣoṣo tí ó kù ní ilẹ̀ Sípéènì. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti rí: irọ́ wà ní gbogbo ilé sinimá, èsì rẹ̀ ṣẹ́kù ẹyọ kan. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké.

Bóyá fíìmù àtijọ́ tí ayé fẹ́ràn jù lọ nínú irú èyí ni Gone with the Wind, tí ó jáde ní 1939. Ó sọ ìtàn ọmọbìnrin olówó kan ní ìhà gúúsù Amẹ́ríkà nígbà ogun abẹ́lé wọn. Ó dùn, ó gùn, aṣọ inú rẹ̀ rẹwà. Ṣùgbọ́n nínú rẹ̀, ẹrú fẹ́ràn oko ẹrú bí ẹni fẹ́ràn ilé bàbá rẹ̀. A kò rí ọjà tí wọ́n ti ń ta ọmọ kúrò lọ́wọ́ ìyá. Hattie McDaniel, obìnrin dúdú tí àwọn òbí rẹ̀ ti ṣe ẹrú rí, ni ó ṣe ẹrú tí ń tọ́jú ọmọbìnrin náà. Ó ṣe é tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi gba ẹ̀bùn Oscar ní 1940, ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí ó gbà á. Ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n fún un, hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti ṣe àjọyọ̀ náà kì í gba ènìyàn dúdú láyè. Wọ́n bẹ̀bẹ̀ kí ó tó wọlé, tábìlì ọ̀tọ̀ lẹ́bàá ògiri ni wọ́n sì fi í sí, jìnnà sí àwọn tí wọ́n jọ ṣeré. Nígbà tí ó kú ní 1952, ìtẹ́ òkú tí ó fẹ́ kí wọ́n sin òun sí ní Hollywood kọ̀ ọ́ nítorí àwọ̀ rẹ̀.

Ní oṣù kẹfà 2020, iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tí ń gbé fíìmù sórí íntánẹ́ẹ̀tì, HBO Max, mú Gone with the Wind kúrò nílẹ̀. Àwọn kan yọ̀, àwọn kan bínú. Kò pẹ́ tí wọ́n fi dá a padà, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n fi ọ̀rọ̀ ìṣáájú síwájú rẹ̀, níbi tí obìnrin dúdú kan tí ó jẹ́ ọ̀mọ̀wé nípa sinimá, Jacqueline Stewart, ti ṣàlàyé fún ẹni tí ń wò ó ohun tí fíìmù náà fi pamọ́. Ní tèmi, ìdájọ́ rere nìyẹn. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bí a bá jó Gone with the Wind, iṣẹ́ ọwọ́ Hattie McDaniel ni a jó. Bí a bá jó Sanders of the River, ohùn Robeson jóná, ojú Orlando Martins ọmọ Èkó jóná, ẹ̀rí ohun tí wọ́n sọ nípa wa náà sì jóná pẹ̀lú wọn. Ẹni tí ó ṣe wá níbi ni yóò kọ́kọ́ dúpẹ́ bí a bá jó ìwé ẹ̀rí.

Kí ni kí a wá ṣe? Ẹ jẹ́ kí n fi ohun mẹ́rin sí yín lọ́wọ́.

Èkínní, ẹ̀yin òbí, ẹ má jẹ́ kí ọmọ nìkan wo irú fíìmù bẹ́ẹ̀. Ẹ jókòó tì í. Bí ó bá kan ibi tí kò dára, ẹ dá a dúró díẹ̀, kí ẹ sọ̀rọ̀. Kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú méjì náà lè gba ọmọ lọ́wọ́ ìtìjú tí yóò gbé kiri fún ogójì ọdún. Ọmọ tí ó bá ń rí ẹni tí ó jọ òun gẹ́gẹ́ bí òmùgọ̀ lójoojúmọ́, tí kò sẹ́ni tí ó sọ fún un pé irọ́ ni, yóò gbà á gbọ́ láìmọ̀.

Èkejì, ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ kọ́ láti bi fíìmù léèrè ọ̀rọ̀. Ta ni ń sọ ìtàn yìí, owó ta ni wọ́n fi ṣe é? Ta ni ó ní orúkọ, ta ni kò ní? Ta ni a mọ ilé rẹ̀, ìyá rẹ̀, àti ohun tí ó ń rò lọ́kàn, ta ni ó kàn ń kọrin, tí ń sá, tí ń kú? Bí ó bá jẹ́ ẹni tí ó dúró lẹ́yìn ni ó sọ ìtàn náà, báwo ni yóò ti sọ ọ́? Ẹ máa bi àlọ́ Ìjàpá léèrè bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹ lè mọ̀ ọ́n ṣe.

Ẹ̀kẹta, kí àwa náà sọ tiwa. Orlando Martins tí wọ́n ní kí ó máa ṣe ará igbó padà wálé lẹ́yìn ogójì ọdún tí ó lò lókèèrè, ó sì wà nínú fíìmù Kongi's Harvest ní 1970, èyí tí wọ́n mú láti inú eré Wọlé Ṣóyínká. Èkó ni ó kú sí ní 1985. Ní 1976, Àjàní Ògún jáde, fíìmù ní èdè Yorùbá. Lónìí, fíìmù tí àwọn ọmọ wa ń ṣe pọ̀ ju èyí tí a lè kà lọ. Ọ̀nà kan tí a ń gbà pa irọ́ ni kí a mú òtítọ́ wá sọ́jà, kí á sì ṣe é dáadáa kí ènìyàn lè rà á.

Ẹ̀kẹrin ni ó le jù. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àwọn alárìnjó àtijọ́ ní ẹ̀kú tí wọ́n fi ń ṣe àlejò ẹlẹ́yà. Wọ́n ṣe Tápà, wọ́n ṣe Ìbàrìbá, wọ́n ṣe òyìnbó alára pẹ̀lú imú gígùn, a sì rẹ́rìn-ín títí. Nínú fíìmù wa lónìí ńkọ́? Ta ni máigádì tí kò gbọ́ Yorùbá já geere, tí a fi ń pa ẹ̀rín? Ta ni ọmọ ọ̀dọ̀ tí a ń gbá létí, tí a kò mọ ilé rẹ̀? Ọmọ ẹlòmíràn ni wọ́n. Ohun tí ó dùn wá nínú Sanders of the River, kí a má fi ṣe ọmọnìkejì wa. Ẹ̀rín tí ó ń sọ ènìyàn di èkúté, bí ó bá ti ẹnu òyìnbó jáde, bí ó sì ti ẹnu wa jáde, ọ̀kan náà ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ẹ máa wo sinimá àtijọ́. Ẹ fi ojú kan wo ẹwà rẹ̀: ohùn Robeson, ìdúró Martins, iṣẹ́ McDaniel. Ẹ fi ojú kejì wo irọ́ inú rẹ̀, kí ẹ sì pè é lórúkọ rẹ̀ lójú àwọn ọmọ yín. Ẹni tí ó fi ojú kan ṣoṣo wò ó, yálà ó tẹ́wọ́ gbà á tán tàbí ó kọ̀ ọ́ tán, kò tí ì rí i.

Bí ẹ bá ní fíìmù kan ní ọkàn bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí, ẹ wá a jáde ní òpin ọ̀sẹ̀. Ẹ pe àwọn ọmọ jókòó, kí ẹ jọ wò ó, kí ẹ jọ sọ̀rọ̀ rẹ̀.